Bí Wọ́n Bá Mú Ọmọ Yín fún Eré Ìje Lójú Títì

Ní ọ̀gànjọ́ òru tó mọ́jú ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 2023, ọkọ̀ méjì ń bá ara wọn sáré nílùú Athens, ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ayẹyẹ ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Fásitì Georgia gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè náà lẹ́ẹ̀kejì léraléra, tọmọdé tàgbà sì tú jáde láti yẹ́ wọn sí. Ọlọ́pàá sọ pé ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjèèjì ń sá eré tó tó máìlì 104 ní wákàtí kan kó tó já kúrò lójú títì, tó sì lọ sọ òpó àti igi. Devin Willock, agbábọ́ọ̀lù ọmọ ogún ọdún, kú. Ọ̀dọ́bìnrin tó wa ọkọ̀ náà, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yìí, kú pẹ̀lú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọtí tó wà lára rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà láyè lọ.

Ẹni tó wa ọkọ̀ kejì ni Jalen Carter, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń lé kiri láti mú. Ọkọ̀ tirẹ̀ kò kọlu nǹkan kan, àmọ́ ọlọ́pàá ní òun àti ọ̀dọ́bìnrin tó kú náà ni wọ́n jọ ń díje. Ìlú Indianapolis ló wà, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń dán àwọn ọ̀dọ́ wò, nígbà tí ìwé àṣẹ ìmúni jáde lórúkọ rẹ̀. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n kà sí i lọ́rùn: eré ìje lójú títì, àti ìwàkuwà ọkọ̀. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ó ní òun kò bá ìjọba jiyàn. Ilé ẹjọ́ fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún oṣù 12, wọ́n ní kó san $1,000, kó fi wákàtí 80 ṣiṣẹ́ ìlú láìgbowó, kó sì lọ gba ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń wakọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹjọ́ owó gbà-máà-bínú tún tẹ̀ lé e láti ọ̀dọ̀ àwọn tọ́rọ̀ náà ṣe lọ́ṣẹ́.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, oṣù mẹ́rin péré ṣáájú, ọlọ́pàá ti dá Carter yìí kan náà dúró nílùú Athens. Máìlì 89 ló ń sá níbi tí òfin ti ní kí eré má kọjá 45. Wọ́n fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n kìlọ̀ fún un, wọ́n ní kó máa lọ.

Irú tíkẹ́ẹ̀tì tó máa ń ṣáájú òkú bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ wa sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá àwọn tó fi Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣe ibùgbé. Ọ̀kan lára àwọn ìlú tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà ni, àwọn ọmọ tí a bí sí i sì ti ń wakọ̀ láti ọmọ ọdún 16. Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ kò gùn. Ẹ̀sùn eré ìje, ẹjọ́ ọ̀daràn ni, bí ẹjọ́ ọ̀daràn sì ni kí ẹ ṣe mú un láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá sì bọ́ níbẹ̀, kó yáa mọ̀ pé ìkìlọ̀ tí òun gbà yìí, ọ̀pọ̀ kò rí i gbà tí wọ́n fi kú.

Kí ni òfin ń pè ní eré ìje?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé eré ìje ni ti inú fíìmù: kí ọkọ̀ tò, kí èrò pé lé wọn lórí, kí wọ́n ta owó sí i, kí ẹnì kan ju áńkáṣíìfù sókè. Òfin Texas kò bèèrè ìkankan nínú ìyẹn. Abala 545.420 nínú ìwé òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kópa lọ́nàkọnà nínú eré ìje, nínú ìdíje eré ọkọ̀, tàbí nínú fífi eré ọkọ̀ ṣe ṣekárími lójú títì. Òfin náà wá là á sílẹ̀ pé bí ènìyàn bá ń gbìyànjú láti já ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, eré ìje ni. Bó bá ń dí ọkọ̀ mìíràn lọ́nà kó má baà kọjá òun, eré ìje ni. Bó bá fẹ́ ṣáájú ọkọ̀ mìíràn dé ibi tí wọ́n jọ ń lọ, eré ìje náà ni.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó. Alẹ́ Sátidé ni, lójú iná kan ní títì Westheimer ní Houston. Ọmọkùnrin ẹni ọdún 19 ń ti òde ìyàwó bọ̀. Ọkọ̀ kan wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ iná, ẹ́ńjìnnì bú. Ọmọ wa wò ó, òun náà tẹ tirẹ̀. Iná dá wọn sílẹ̀, àwọn méjèèjì fò. Wọn kò mọ ara wọn rí, wọn kò sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ta kọ́bọ̀. Kí wọ́n tó dé ojú iná tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan ti ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ dí èkejì lọ́nà. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn wọn ti rí ohun gbogbo tó nílò.

Síbẹ̀, eré àsápajúdé nìkan kò tó láti pè ní eré ìje. Ọkọ̀ méjì lè máa sáré lójú ọ̀nà kan náà láìmọ̀ pé ara wọn wà níbẹ̀. Orí ìyàtọ̀ yìí ni lọ́yà tó gbówọ́ máa ń dúró sí, nítorí òun ló ya ọ̀ràn tó lè sọni sẹ́wọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára tíkẹ́ẹ̀tì tí a ń sanwó rẹ̀ ká máa lọ sílé.

Bí ìjìyà rẹ̀ ṣe ga tó

Tíkẹ́ẹ̀tì eré àsápajúdé ní Texas, owó ìtanràn ni, kò sí ẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀. Ti eré ìje kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kìíní tí wọ́n bá dá ènìyàn lẹ́bi, ilé ẹjọ́ lè sọ ọ́ sí àtìmọ́lé títí dé ọjọ́ 180, kó sì bu owó ìtanràn tó tó $2,000 fún un. Bó bá ti jẹ̀bi rẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan, tàbí tó ti mutí yó nígbà tó ń sá eré náà, ó di ọdún kan àti $4,000. Bó bá ti jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì rí, ó ti bọ́ sí ìpele ọ̀ràn ńlá. Bí ẹnì kan bá farapa, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Bí ìpalára náà bá burú jáì tàbí tí ẹ̀mí bá bọ́, ọdún méjì sí ogún ọdún ni.

Wọ́n tún máa ń gba láísẹ́ǹsì ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi fún ọdún kan. Ó lè padà lọ tọrọ lọ́wọ́ adájọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kóun máa wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ nìkan, àmọ́ ọwọ́ adájọ́ ni ìyẹn wà. Láti ọdún 2023, òfin Texas ti fún ọlọ́pàá lágbára láti wọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi sá eré ìje lọ, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó farapa. Ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ náà bá mọ́ sí àgọ́ ìkọ́kọ̀pamọ́, owó ni. Ẹ sì wo orúkọ tó wà lára ìwé ọkọ̀ náà: lọ́pọ̀ ìgbà, ti bàbá tàbí ti ìyá ni.

Kí àwọn òbí tún gbọ́ èyí: ọmọ ọdún 17 ti dàgbà lójú òfin ìwà ọ̀daràn ní Texas. Kóòtù àwọn ọmọdé kọ́ ni wọ́n máa gbé e lọ. Orúkọ rẹ̀ yóò wọ inú ìwé ọlọ́pàá bí ti ẹni ogójì ọdún.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní California, ìjìyà ẹ̀ẹ̀kìíní bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí 24 títí dé ọjọ́ 90 ní àtìmọ́lé, tàbí owó ìtanràn tó wà láàárín $355 sí $1,000, tàbí méjèèjì, pẹ̀lú wákàtí 40 iṣẹ́ ìlú. Ọlọ́pàá sì lè mú ọkọ̀ náà dání fún ọjọ́ 30. Ní Virginia, láísẹ́ǹsì ẹni tó jẹ̀bi lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì. Ẹ má fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìbátan yín ní Maryland ṣe ìdájọ́ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí yín ní Texas.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì

Ẹ̀gbẹ́ títì ni ẹjọ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó rántí lọ́yà. Ẹ̀kọ́ ilé wa gan-an ló sì ń ṣe é. Bí ọmọ Yorùbá bá ṣẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀, nítorí a tọ́ ọ pé ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ là ń foríjì. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ló ti fi “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́” kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ní Houston, kámẹ́rà wà láyà ọlọ́pàá, òmíràn wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. “Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́” ti di ẹ̀rí pé ó ṣe é. Bí ọmọ náà bá wá fi kún un pé “Òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, èmi kàn fẹ́ kọjá rẹ̀ ni,” ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ìjọba ìbá máa wá ẹlẹ́rìí kiri fún.

Òfin Amẹ́ríkà fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́. Gbogbo wa la ti rí i nínú fíìmù bí ọlọ́pàá ṣe ń ka ẹ̀tọ́ yẹn sétí ẹni tó mú. Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe nínú ẹjọ́ Miranda lọ́dún 1966 ló mú un wá. Èyí tí fíìmù kì í sọ ni ìdájọ́ ọdún 1984 nínú ẹjọ́ Berkemer àti McCarty: bí ọlọ́pàá bá kàn dá awakọ̀ dúró lójú títì lásán, kò di dandan kó ka ẹ̀tọ́ yẹn sí i létí kó tó bi í ní ìbéèrè. Ohun tí awakọ̀ náà bá sì dáhùn lè bá a dé iwájú adájọ́. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín kí ọjọ́ náà tó dé. Bí ọlọ́pàá bá tanná sí wọn lẹ́yìn, kí wọ́n rọra yà sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tan iná inú ọkọ̀ bó bá jẹ́ òru, kí ọwọ́ méjèèjì sì wà lórí sítíárì. Kí wọ́n fún ọlọ́pàá ní láísẹ́ǹsì àti ìwé ìnṣọ́ráǹsì nígbà tó bá bèèrè. Bó bá bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń bá sáré, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ pé àwọn yóò fẹ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí àwọn tó dáhùn. Kí wọ́n má purọ́, kí wọ́n má jiyàn, kí wọ́n má sá. Bí wọ́n bá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n má jà. Ẹni tó tẹná tó sá fún ọlọ́pàá ti sọ ọ̀ràn kékeré di ọ̀ràn ńlá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé owó lé láísẹ́ǹsì kó tó nà án sí ọlọ́pàá. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní Texas wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú eré ìje tó pa ènìyàn: ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí ogún ọdún. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ fóònù. Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe nínú ẹjọ́ Riley lọ́dún 2014 sọ pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kó tó yẹ inú fóònù ẹni tó mú wò. Ṣùgbọ́n fídíò tí ọmọ náà bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sórí Instagram, ojú ọjà ló gbé e sí. Bó bá sì sáré lọ pa á rẹ́ lẹ́yìn tó mọ̀ pé ọlọ́pàá ń wádìí, wọ́n lè fi ẹ̀sùn bíba ẹ̀rí jẹ́ kàn án, ẹ̀sùn tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sí mẹ́wàá nínú. Kó má gbé e síta, kó má sì pa á rẹ́. Kó fi í han lọ́yà.

Ní kóòtù

Bí wọ́n bá ti mú ọmọ náà dé àgọ́, adájọ́ kékeré gbọ́dọ̀ rí i láàárín wákàtí 48, kó sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, kó sì sọ̀rọ̀ béèlì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹjọ́ yóò lọ sí ọ̀kan nínú kóòtù 16 tó ń gbọ́ irú ọ̀ràn yìí ní Harris County, níbi tí Houston wà. Bí adájọ́ bá bi í pé kí ló ní í sọ, “Mi ò jẹ̀bi” ni ọ̀rọ̀ tó bójú mu ní ọjọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká àwọn òbí wa lára. Wọ́n á ní irọ́ ni, wọ́n á ní kí ọmọ náà wólẹ̀ kó tọrọ àforíjì. Irọ́ kọ́. Ìjọba ló fi ẹ̀sùn kàn án, ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí tó dájú hàn. “Mi ò jẹ̀bi” ló ń jẹ́ kí lọ́yà ráyè yẹ ẹ̀rí náà wò. Àforíjì ní àkókò tirẹ̀, lọ́yà ni yóò sì sọ ìgbà tó tọ́.

Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè bèèrè pé kí kóòtù yan ọ̀kan fún òun. Láti ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣe nínú ẹjọ́ Argersinger lọ́dún 1972 ni wọn kò ti gbọdọ̀ sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n fún ọ̀ràn kékeré láìjẹ́ pé ó ní lọ́yà tàbí pé òun fúnra rẹ̀ ló ní òun kò fẹ́. Ẹni tó lówó, kó wá lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn ní kóòtù yẹn lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe torí pé ẹnì kan jẹ́ ọmọ ìjọ yín, tó sì bá yín ṣe ìwé ilé, kí ẹ gbé ẹjọ́ yìí fún un.

Iṣẹ́ lọ́yà náà bẹ̀rẹ̀ láti orí fídíò kámẹ́rà ọlọ́pàá. Òfin kan wà ní Texas tí wọ́n sọ lórúkọ Michael Morton, ọkùnrin tó lo nǹkan bí ọdún 25 lẹ́wọ̀n lórí ikú ìyàwó rẹ̀ kí àyẹ̀wò tó fi hàn ní 2011 pé kì í ṣe òun. Ẹ̀rí tó lè gbà á sílẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2014, òfin orúkọ rẹ̀ ti fi dandan lé e pé kí agbẹjọ́rò ìjọba kó ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ fún lọ́yà olùjẹ́jọ́. Nínú fídíò yẹn ni lọ́yà yóò ti rí ibi tí ọlọ́pàá wà nígbà tí ọkọ̀ méjèèjì gbéra, bóyá ó rí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àbí ìgbà tí wọ́n ti ń sáré lọ ló bá wọn, bóyá ọ̀kan ń dí èkejì lọ́nà lóòótọ́, àti bóyá ọkọ̀ tó rí ni ọkọ̀ tó dá dúró.

Ibi tí ẹjọ́ lè já sí pọ̀. Bí ẹ̀rí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìjọba lè fà á yọ. Wọ́n lè dín in kù sí ìwàkuwà ọkọ̀, tí ìjìyà rẹ̀ ní Texas kò kọjá ọjọ́ 30 àti $200. Adájọ́ lè dá ìdájọ́ dúró, kó fi ọmọ náà sábẹ́ ìṣọ́ fún àkókò kan. Bó bá pa gbogbo àṣẹ mọ́, wọ́n á tú ẹjọ́ ká láìdá a lẹ́bi. Bí kò bá sí àdéhùn, ìgbìmọ̀ ará ìlú mẹ́fà ni yóò jókòó gbọ́ ọ. Èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, ọmọ tó ti lọ gba ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kí wọ́n tó pàṣẹ fún un, tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ déédéé, tí àwọn òbí rẹ̀ sì bá a jókòó sí kóòtù, lọ́yà rẹ̀ ní ohun tó lè fi bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ọjọ́ ìpè kóòtù kò ṣeé fi ṣeré. Ẹni tó bá pa á jẹ, wọ́n á kọ ìwé àṣẹ ìmúni lé e lórí, wọ́n sì lè fi ẹ̀sùn mìíràn kàn án tó tó ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ẹ̀sùn tuntun yẹn le ju èyí tó gbé e dé ibẹ̀ lọ.

Bí ọmọ náà kò bá tíì di ọmọ onílùú

Apá yìí ló ṣe pàtàkì jù fún àwa tí a ti òkè òkun wá, òun náà la sì máa ń gbójú fò jù. Bí adájọ́ Texas bá dá ìdájọ́ dúró bí mo ṣe sọ lókè, òfin ìpínlẹ̀ kò kà á sí ìdálẹ́bi. Òfin ìmígíréṣọ̀n ti ìjọba àpapọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, bí ènìyàn bá ti sọ pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì fi ohunkóhun dè é, ìṣọ́ tàbí ìtanràn, ìdálẹ́bi ni lójú wọn. Àdéhùn tí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yóò fò sókè sí lè di ẹ̀gún sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń fi gíríìn káàdì gbé ìlú.

Eré ìje lásán, tí kò sí ẹni tó farapa, kì í sábà jẹ́ irú ọ̀ràn tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lé ènìyàn padà sílé. Síbẹ̀, fọ́ọ̀mù N-400 tí a fi ń tọrọ ìwé ọmọ ìlú máa ń bèèrè bóyá wọ́n ti mú ènìyàn rí tàbí kọ ìwé ẹ̀sùn fún un. Ẹni tó bá fi pamọ́ ti fi irọ́ kún ọ̀ràn. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún gbẹgẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, àwọn kan nínú wọn sì wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìwakọ̀ nìkan ló da àwọn àti ọlọ́pàá pọ̀ rí. Lẹ́yìn tí ẹjọ́ pọ̀ ní kóòtù ni ìjọba tó dá ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ náà padà.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ lọ́dún 2010, nínú ẹjọ́ Padilla, pé lọ́yà ẹjọ́ ọ̀daràn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún oníbàárà rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ìlú bí gbígbà pé òun jẹ̀bi ṣe lè sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n máa lé jáde. Lọ́yà kò lè ṣàlàyé ohun tí kò mọ̀. Ẹ sọ ipò ìwé yín fún un lọ́jọ́ kìíní, kí lọ́yà ìmígíréṣọ̀n sì wo àdéhùn náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ àti ìnṣọ́ráǹsì

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń fi tírélà jẹun ní Texas. Láísẹ́ǹsì tírélà ní òfin ìjọba àpapọ̀ tirẹ̀. Eré tó bá fi máìlì 15 ju òdiwọ̀n lọ, tàbí ìwàkuwà ọkọ̀, wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ wíwúwo. Méjì irú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, awakọ̀ náà yóò jókòó sílé fún ọjọ́ 60. Mẹ́ta, ọjọ́ 120. Òfin kan náà ni kò gba ìpínlẹ̀ láyè láti bo irú ìdálẹ́bi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un nípasẹ̀ ẹ̀kọ́ ìwakọ̀. Onítírélà tó bá bá ẹnì kan díje nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló fi ta tẹ́tẹ́.

Ìnṣọ́ráǹsì tó kéré jù tí òfin Texas bèèrè máa ń san $30,000 fún ẹnì kan tó bá farapa, $60,000 fún gbogbo wọn pọ̀, àti $25,000 fún ohun ìní tó bàjẹ́. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ọsibítù Amẹ́ríkà mọ̀ pé owó yẹn kì í dé ibì kankan. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ọwọ́ ẹni tó wakọ̀ ni wọ́n á ti bèèrè rẹ̀, wọ́n sì lè bèèrè lọ́wọ́ òbí tó mọ̀ pé ọmọ òun jẹ́ asáré-àsápajúdé, tó tún na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Eré tó tọ́, níbi tó tọ́

Mi ò kọ̀ pé ọkọ̀ tó ń sáré ń dùn mọ́ ọ̀dọ́ nínú. Ìdí nìyẹn tí Wally Parks fi dá ẹgbẹ́ eré ìje ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní NHRA sílẹ̀ ní California lọ́dún 1951, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré lójú títì lè rí pápá tí wọn yóò ti máa díje lábẹ́ òfin. Houston ní irú pápá bẹ́ẹ̀ ní Baytown láti 1988, àmọ́ wọ́n tì í pa ní 2022, àdánù ńlá sì ni fún ìlú náà. Síbẹ̀, pápá Texas Motorplex wà ní Ennis, MSR Houston sì wà ní Angleton. Níbẹ̀, ènìyàn yóò dé akoto, wọ́n á yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, kò sì sí ìyá arúgbó tó ń sọdá.

Àwa Yorùbá kò ṣàjèjì sí ọ̀ràn yìí. Ikú tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tó ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ Fásitì Ifẹ̀, ló mú Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká dìde fún ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ayé ìgbà yẹn, òun ló sì kọ́kọ́ jẹ́ alága àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1988. Ohun tó rí nígbà náà kò yí padà. Ọkọ̀ tó ń sá máìlì 100 ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bí mítà 45 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ojú tó rí nǹkan, kí ẹsẹ̀ tó dé búréèkì, ó lè ti lọ tó mítà 60. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ fi ń kọlu nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní Amẹ́ríkà lódindi, ènìyàn 12,151 ló kú lọ́dún 2022 nínú ìjàǹbá tí eré àsápajúdé wà lára ohun tó fà á.

Ẹ̀yin òbí, bí ìpè náà bá wọlé ní òru, ẹ má lu ọmọ, ẹ má bú u lórí fóònù àtìmọ́lé, nítorí wọ́n ń ká ohùn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá lọ́yà tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ sọ ipò ìwé yín fún un, ẹ máa bá ọmọ yín lọ sí gbogbo ìpè kóòtù. Lẹ́yìn náà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì tètè dá a padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá bú ẹ́ńjìnnì sí yín lójú iná, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kò sí ohun tó gbà lọ́wọ́ yín.